Kíkó Ilé Kì Í Ṣe Ọ̀ràn Òkùnkùn

Kò sí ìmọ̀ràn tó pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Èkó bí èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilé tuntun. Ìyá rẹ̀ á sọ ọ́, wòlíì á sọ ọ́, ààfáà á tún un sọ, ajẹ́ńtì tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá á fi kádìí ọ̀rọ̀: má sọ fún ẹnikẹ́ni. Máa kó ẹrù rẹ ní díẹ̀díẹ̀. Má jẹ́ kí ará ilé mọ ọjọ́. Bó o bá débẹ̀ tán, kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́.

Ìdí nìyí tí kòròpé fi ń dúró lẹ́nu géètì ní Lawanson tàbí Ìdí-Òrò ní agogo mẹ́rin ìdájí, tí bàbá, ìyá àtọmọ ń yọ́ rìn nínú kọ̀rídọ̀, tí wọ́n ń gbé mátíráàsì, fíríìjì àti báàgì Ghana-must-go jáde bí ẹni tó jí ẹrù ara rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ará ilé á bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn kan á mi orí, wọ́n á ní ẹni náà gbọ́n.

Kò gbọ́n. Ètò kíkó ilé tí wọ́n ṣe ní bòńkẹ́lẹ́ kì í ṣe ètò rárá, nítorí gbogbo ohun tí ẹni tó ń kó ilé nílò láti mọ̀, ẹnu àwọn èèyàn tó ń sá fún gan-an ló wà.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn tó gba ìmọ̀ràn yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìdí, ìdí náà sì ju ìbẹ̀rù àjẹ́ lọ. Ilé wọ́n ní Èkó. Ní Yaba, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó àti ti Yaba College of Technology ti ń du yàrá pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní àyíká Sábó àti Herbert Macaulay Way, ilé tó ṣófo láàárọ̀ lè ti lólúwa kó tó di alẹ́. Ẹni tó bá fi ẹnu fẹ́ẹ́rẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́ pé òun rí yàrá méjì ní Onike lè gbọ́ lọ́la pé ọ̀rẹ́ ti fi owó lé owó, ó sì ti gba kọ́kọ́rọ́.

Onílé ńkọ́? Wọ́n ní onílé tó bá ti gbọ́ pé ayálégbé fẹ́ lọ á yí padà. Á máa ti géètì ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, á ti ẹ̀rọ omi, á máa mú àlejò wá wo yàrá nígbà tí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ kò tíì jí. Bí ilé tuntun bá wá bọ́ mọ́ ẹni náà lọ́wọ́, kò ní sí ní ti àná, kò ní sí ní ti ọ̀la. Wọ́n ní olè náà wà ńlẹ̀: ẹni tó bá mọ ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀ máa jáde síta ti mọ ọjọ́ tó yẹ kóun náà wá. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ayé. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín síni ní kọ̀rídọ̀ lè máa bínú pé èèyàn ń kúrò ní yàrá kan bọ́ sí fúláàtì. Àwọn àgbà kò ha ti sọ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́?

Ìtìjú náà wà níbẹ̀, bí wọn kì í tilẹ̀ẹ́ dárúkọ rẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó lítà epo kan ní Èkó fò kúrò ní ìsàlẹ̀ 200 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kó ilé ló ń gòkè. Ọ̀pọ̀ ń fi fúláàtì sílẹ̀ ní Sùúrùlérè lọ sí yàrá kan ní Ìpájà, ní Ìkòròdú tàbí ní Sango-Ọ̀tà. Ta ló fẹ́ kí àdúgbò tò sórí báńkóónì máa wò ó?

Ẹjọ́ wọn nìyẹn, wọ́n sì rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó dùn ún gbọ́ kọ́ ló máa ń jàre.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé tí wọ́n lè já gbà. Nínú gbogbo àwọn tó ń kìlọ̀ pé kí ayálégbé pa ẹnu mọ́, ta ló ń rí èrè níbẹ̀? Ajẹ́ńtì ni. Ọgbọ́n jìbìtì kan wà tó ti gbó sọ́wọ́ àwọn ajẹ́ńtì èké ní Èkó, tí ọlọ́pàá ń mú wọn lé lórí lọ́dọọdún. Wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ ilé kan, wọ́n á fi han ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á gba owó ọdún kan, owó kọmíṣọ̀n, owó àgírímẹ́ǹtì àti owó kọ́ṣọ̀n lọ́wọ́ oníkálukú. Kí ló ń mú kí jìbìtì náà ṣeé ṣe? Kì í ṣe ọgbọ́n orí ajẹ́ńtì. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni pé oníkálukú ti gbọ́ ìkìlọ̀, oníkálukú ti dákẹ́, oníkálukú sì ń fọkàn dúpẹ́ pé ayé kò mọ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn bá pàdé lẹ́nu géètì ni wọ́n ń mọ ara wọn, fóònù ajẹ́ńtì á sì ti kú pátápátá.

Bẹ́ẹ̀, ká ní ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn yà sọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, tó ní, “Ẹ kú ọjà o, mà. Mo fẹ́ kó wá sí òkè yìí ni, ta ló nilé?” ìyá ì bá dá a lóhùn pé, “Ìwọ náà? Ẹni kẹrin rèé lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ mi.” Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni ì bá dá owó ọdún kan sí. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta ni ẹni tó búra pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀rẹ́ tó lè fi owó lé owó ńkọ́? Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011 nígbà Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ti dáhùn ìyẹn. Ó pọn dandan kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì tó gbé ọjọ́, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó àti àkókò tí owó náà kárí. Ẹni tó ní rìsíìtì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí ló kù tí ọ̀rẹ́ fẹ́ já gbà? Ẹni tí kò sì ní in, ìdákẹ́jẹ́ kò lè bá a ṣe é. Ìwé ló ń dáàbò bo owó, ẹnu pípamọ́ kò dáàbò bo nǹkan kan.

Òfin kan náà sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá gbà jù bẹ́ẹ̀ ti rú òfin, ẹni tó san án náà ti rú u. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti Ikeja GRA sílẹ̀. Kò yọ Sùúrùlérè, kò yọ Yaba, kò yọ Muṣin. Síbẹ̀ mélòó nínú àwọn ayálégbé tó ń sá sá kiri pẹ̀lú owó ọdún méjì nínú báàgì ló ti gbọ́ èyí rí? Ibo ni wọn ì bá ti gbọ́ ọ, nígbà tí wọn kò jẹ́ kí aládùúgbò kan, ọ̀gá kan níbi iṣẹ́, tàbí mọ̀lẹ́bí kan tó mọ òfin mọ̀ pé wọ́n ń wá ilé?

Omi pàápàá ń tú àṣírí àṣírí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ajẹ́ńtì máa ń fẹ́ mú èèyàn wo ilé tó bá wà lẹ́bàá kánáàlì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, tí ọ̀dà ara ògiri ṣì ń tàn. Àwọn tó ń gbé Àgùdà, Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó àti apá Ìtirẹ́ mọ ilé tí omi ń wọ̀, wọ́n mọ ibi tó ń ga dé lára ògiri, wọ́n mọ ẹni tó gbé àga sórí tábìlì lọ́jọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní Èkó, tó ba dúkìá jẹ́, tó sì gba ẹ̀mí. Ọ̀dà lè bo àpá omi lára ògiri. Kò lè bo ẹnu fọkanáísà tó ti wà ní ìkóríta náà fún ogún ọdún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iná. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bí 68 náírà lọ sí 225 fún ẹyọ kan. Àwọn yẹn ni wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́. Àwọn Band E kò rí ju ìlérí wákàtí 4 lọ. Òpópónà méjì tó fara kanra ní Muṣin lè wà lórí wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kan máa san owó olówó, kí ẹ̀gbẹ́ kejì máa jókòó sínú òkùnkùn. Ajẹ́ńtì á ní iná wà dáadáa. Dáadáa wo? Ará ilé tó ń fi káàdì ra iná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló mọ̀. Òun náà ló mọ̀ bóyá gbèsè ayálégbé àná ṣì ń bẹ lórí mítà, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ ra iná á máa bá a san. Òun ló mọ̀ bóyá kànga ẹ̀rọ ilé náà ń pọn omi mímu tàbí omi tó ń rùn bí irin. Ẹni tó bá kó wọlé láìbá a sọ̀rọ̀ kò rí ilé, àwòrán ilé ló rí.

Ó wá kan onílé, níbi tí ẹjọ́ alátakò ti lágbára jù. Òfin 2011 sọ pé bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ń san owó ọdọọdún gbọ́dọ̀ gba ìwé nótíìsì oṣù mẹ́fà kí ilé tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń san owó oṣooṣù, oṣù kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí ni pé òfin yìí de tọ̀túntòsì: bí ayálégbé náà bá fẹ́ lọ, ó yẹ kí òun náà kìlọ̀. Ẹni tó bá sá lọ lóru ti kọ ẹjọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún onílé kà. Òun ló fi àdéhùn sílẹ̀ láìsọ. Kí ló fẹ́ wí nígbà tó bá ń béèrè owó kọ́ṣọ̀n? Owó tí wọ́n gbà nítorí àtúnṣe ni, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Ọ̀nà kan péré ni wọ́n ń gbà gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà ní ìrọ̀rùn: kí onílé àti ayálégbé jọ rìn yí yàrá ká ní ojúmọmọ, kí wọ́n jọ wo ògiri, fèrèsé, ẹnu ẹ̀rọ omi àti ṣáláńgá, kí wọ́n ní èyí bàjẹ́, èyí kò bàjẹ́. Ta ni wọ́n á jọ rìn pẹ̀lú ẹni tó ti lọ?

Wọ́n ní onílé á gbógun ti ẹni tó bá sọ. Kí ló fẹ́ fi gbógun? Kó yọ páànù ilé? Kó pe àwọn ọmọ ìta wá halẹ̀? Òfin yẹn kan náà ti dárúkọ ìyẹn: ẹni tó bá fi ipá, ìhàlẹ̀ tàbí ìbàjẹ́ ilé lé ayálégbé jáde láìgba àṣẹ ilé-ẹjọ́ lè san owó ìtanràn tó tó 250,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ń parí ìjà onílé àti ayálégbé láìgba kọ́bọ̀. Nítorí náà, ẹni tó sọ fún onílé rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú kò pàdánù ọjọ́ kan nínú owó tó ti san. Ẹni tó dákẹ́ ló ń pàdánù: ó ń san owó ilé méjì pa pọ̀, tàbí kó fi oṣù tó kù àti kọ́ṣọ̀n sílẹ̀ fún onílé tó ní òun kórìíra. Èwo ni ọgbọ́n níbẹ̀?

Olè wá ńkọ́? Ìgbà wo ni olè máa ń fẹ́ ṣiṣẹ́? Òru ni. Ẹrù tó ń jáde láago mẹ́rin ìdájí, àwọn alábàárù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí, ọkọ̀ tí wọ́n já gbà lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba, ìyàwó wà nínú ilé, ọkọ wà lẹ́nu géètì, ẹnì kan kò sì sí láàárín wọn tó ń ṣọ́ ẹrù. Bí àpótí kan bá sọnù, ta ló rí i? Ta ni wọ́n fẹ́ bi? Kí wọ́n tó dé ìkóríta kejì, àwọn ọdẹ àdúgbò tàbí ọlọ́pàá á ti dá wọn dúró, wọ́n á ní ìwé fíríìjì dà, ìwé jẹnẹrétọ̀ dà. Wọn kò sì jẹ̀bi: bí ẹni tó ń jí ẹrù kó ṣe rí lójú ọdẹ ni ẹni tó ń kó ẹrù ara rẹ̀ lóru náà ṣe rí. Ojúmọmọ ni ẹrù ní ojú púpọ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Ìyá Ràmọ́tá tó wà níwájú ilé, mẹkáníìkì tó wà lódìkejì, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn mọ ohun tó jáde àti ẹni tó gbé e.

Ní àdúgbò tuntun, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń dúró de ọkọ̀ ẹrù láti gba owó. Gbogbo ará Muṣin ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni wọ́n ń rí gbà lára rẹ̀ jù? Àjèjì tí kò mọ ẹnikẹ́ni ni, tó dé kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń wárìrì, tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí kíá. Ẹni tó ti wá kí alága ẹgbẹ́ àdúgbò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, tí onílé tuntun ti fi hàn pé “ayálégbé wa ọ̀tun rèé,” ti ní ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹni yẹn náà ni wọ́n á ta lólobó pé Sátidé tó fojú sùn kò dára: wọ́n máa fi tẹ́ǹtì dí òpópónà láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí òkú àgbà kan, ọmọláńkẹ́ pàápàá kò ní rí ibi gbà. Ní Sùúrùlérè, èyí nìkan tó láti fọ́ ètò tó dára jù lọ sí wẹ́wẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹnu aládùúgbò ló wà.

Ìtàn Èkó fúnra rẹ̀ kò gbe àwọn oníbòńkẹ́lẹ́. Ní ọdún 1867, nígbà tí wọ́n fọ́ ilé àwọn Kristẹni ní Abẹ́òkúta nínú rògbòdìyàn Ìfọ́lé, àwọn Ẹ̀gbá tó sá wá sí Èkó kò fọ́n ká, kí oníkálukú fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wọ́n wá pẹ̀lú ìjọ àti ará, Glover tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta, wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀ pa pọ̀. Ìdúró wọn kò ṣẹ̀yìn pé wọ́n jọ wà.

Sùúrùlérè ló fi òdìkejì hàn. Lagos Executive Development Board, àjọ tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní ọdún 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ̀rẹ̀ ní 1924, bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1955, wọ́n sì ń kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ ní Sùúrùlérè. Onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Marris, lọ ń bá àwọn ìdílé náà sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1961. Kí ló gbọ́? Ilé tuntun mọ́ ju èyí tí wọ́n wó lọ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, èèyàn kò há mọ́ra. Síbẹ̀ ìráhùn ni. Obìnrin tó ń fi ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ tajà ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò rí oníbàárà mọ́. Owó ọkọ̀ ń jẹ owó oúnjẹ. Àwọn tó ti ń rí ìyá àti ẹ̀gbọ́n wọn lójoojúmọ́ ń pẹ́ kí wọ́n tó fojú kàn wọ́n. Ohun tí kíkó ilé gbà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ẹrù, èèyàn ni.

Ìjọba ló já àwọn yẹn gbà kúrò lára èèyàn wọn. Ẹni tó ń kó lóru lónìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é fún ara rẹ̀. Télọ̀ tó ti ń ránṣọ ní Akérelé fún ọdún mẹ́wàá, tó palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ibo ni oníbàárà fẹ́ wá a sí? Aṣọ ẹlòmíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó wà nínú àjọ ilé, tí kò tíì san oṣù méjì tó kù, kí ni wọ́n fẹ́ pè é lọ́jọ́ kejì? Wọ́n á ní ó gbé owó àwọn sá. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìtàn á ti pé mẹ́ta: gbèsè ló lé e, ọlọ́pàá ló ń wá a, ìyàwó rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Ọ̀fófó tó ń sá fún náà ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ̀ lọ. Ẹni tó dágbére kò lè di ẹni tó sá lọ.

Ọmọ ni ó tún ń jìyà rẹ̀ jù. Ọmọ tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní girama, tí ilé-ìwé rẹ̀ ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí WAEC, kò ṣeé já kúrò níbẹ̀ bí ẹni já ewé. Ọmọ tó kéré sí i nílò ìwé láti ilé-ìwé rẹ̀ àtijọ́ kí tuntun tó gbà á, ó sì nílò àyè ní kíláàsì, èyí tó rọrùn ní oṣù Kẹsàn-án ju ní oṣù Kejì lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún. Ọmọ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún. Àwọn òbí tó ń bẹ̀rù pé ọmọ á tú àṣírí kì í sọ fún un títí di òru tí wọ́n fẹ́ lọ. Ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, bí kì í ṣe pé gbogbo ẹni tí wọ́n ti jọ jẹun lọ́dún márùn-ún jẹ́ ọ̀tá?

Ìyẹn ló kan ọ̀rọ̀ ayé, tó jẹ́ gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. “Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani,” wọ́n á ní. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbà pé aládùúgbò burúkú wà. Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá ní Muṣin, ẹni náà ti bá wọn lo ilé ìdáná kan àti balùwẹ̀ kan fún ọdún mẹ́jọ. Ó mọ orúkọ ọmọ wọn, ó mọ orúkọ ìyá wọn, ó mọ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó ti ń bu omi nínú garawa kan náà. Bó bá ní agbára ibi, kí ló ń dúró dè láti ọdún mẹ́jọ? Ṣé ọjọ́ tí kòròpé bá dé ni oògùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ́? Ilé tuntun náà kò sì ṣófo; àwọn aládùúgbò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣé wọ́n á tún fara pamọ́ fún àwọn yẹn?

Àṣà Yorùbá kọ́ ni wọ́n ń dáàbò bò bí wọ́n ṣe ń yọ́ kẹ́lẹ́ yìí. Yorùbá ló ń ṣí ilé, tó ń pe ẹbí àti ará, tó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, tí ẹni tó dàgbà jù á dìde gbàdúrà pé kí ilé tuntun tu onílé lára, kí wọ́n má fi ẹkún kúrò níbẹ̀. Ìmọ̀ràn bòńkẹ́lẹ́ ti gba àdúrà yẹn lẹ́nu àwọn àgbà, ó fi ìfura rọ́pò rẹ̀.

Ìtìjú ẹni tó ń kúrò ní fúláàtì lọ sí yàrá kan kò sì nílò òru. Ìlú tó rí bí epo àti iná ṣe di wúrà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ìdí tí ẹnì kan fi ń lọ síbi tí apá rẹ̀ ká. Ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ń gba Yaba àti Muṣin kọjá lọ sí Agége àti Agbado, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti ń fi ibùdó rẹ̀ ṣe ìṣirò ibi tí wọ́n á máa gbé. Ìṣirò gidi nìyẹn: owó ilé, owó ọkọ̀, wákàtí ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa gbọ́dọ̀ bi ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin náà lójoojúmọ́ ní ìgbà wo ló ń dé ilé. Bíbi ni, gbangba náà ni.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ kó ilé ní Muṣin, ní Yaba tàbí ní Sùúrùlérè sọ ọ́. Kó kọ ọ́ sínú ìwé fún onílé rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Kó sọ fún ilé-ìwé ọmọ, fún olórí àjọ, fún oníbàárà. Kó lọ sí àdúgbò tuntun ní ọjọ́ òjò àti ní alẹ́, kó bi àwọn ará ibẹ̀ nípa omi, iná, mítà àti onílé. Kó gba rìsíìtì. Kó ta ohun tí kò ní bá a wọlé ní gbàǹjo níwájú ilé, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Kó mú ọjọ́, kó kó ẹrù rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, kí àwọn tó ń bá a gbé sì bá a gbé fíríìjì dé inú ọkọ̀. “Má sọ fún ẹnikẹ́ni” kò dáàbò bo ayálégbé kankan ní Èkó. Àwọn tó ń dáàbò bò ni ajẹ́ńtì tó ń ta ilé kan fún èèyàn mẹ́wàá, onílé tó ń gba owó ọdún méjì àti onílé tó jókòó lé owó kọ́ṣọ̀n. Àwọn yẹn ló yẹ kí wọ́n máa gbà á nímọ̀ràn. Ó yẹ kí gbogbo ìyókù jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí.